Àtẹ́rígbà Yàrá Nora

Wilfred Harker, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Wilf, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí ní Skelbeck, abúlé kan ní àfonífojì ilẹ̀ òyìnbó, àfi lórí ọ̀rọ̀ òkúta. Ẹ lè fi irun etí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ lè sọ pé kò mọ orin kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín ni yóò fi gbogbo rẹ̀ rín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́ sìmẹ́ńtì sára ògiri àtijọ́ níṣojú rẹ̀, ọjọ́ náà kò ní dára fún yín.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Jabez, àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó ń mọ ògiri tó pààlà oko sí oko lórí òkè. Jabez kọ́ ọ pé ògiri tó bá máa pẹ́ gbọ́dọ̀ ní ojú méjì, kí òkúta wẹ́wẹ́ kún àárín rẹ̀, kí a sì máa gbé òkúta gígùn dábùú rẹ̀ láti ojú kan dé èkejì, kí ojú méjèèjì lè di ara wọn mú bíi tọkọtaya. "Ẹni tó bá mọ ojú kan, tó fi èkejì ṣe ẹ̀tàn, olè ni," Jabez a máa wí. "Òkúta kì í parọ́." Wilf gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ogún. Láti ara ògiri oko ó bọ́ sí ara ilé, nígbà tó sì fi di àgbà, kò sí ilé kan ní Skelbeck tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kàn. Nígbà tí ìjọba kọ orúkọ abúlé náà mọ́ àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ti yí ilé padà láìgbàṣẹ, àwọn mìíràn ráhùn. Inú Wilf dùn. Ogún ọdún ló fi jókòó nínú ìgbìmọ̀ abúlé tó ń ka ìwé àwọn tó fẹ́ fi kún ilé wọn, ìgbà tó sì sọ pé rárá pọ̀ ju ìgbà tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lọ.

Nora ni ìyàwó rẹ̀. Alásè ilé ẹ̀kọ́ ni Nora, ó ga ju ọkọ rẹ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Wọn kò bímọ. Ilé wọn ló gbẹ̀yìn nínú ilé méje tó fara kan ara wọn lẹ́bàá odò, lórí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n sì ti gbẹ́ lẹ́tà orúkọ tọkọtaya tó kọ́ ọ àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, 1691. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo àfonífojì náà: ẹni tó bá kọ́lé á gbẹ́ lẹ́tà tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ sórí ẹnu ọ̀nà. Nora a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nìyí tí mo ti ń gba abẹ́ orúkọ obìnrin ẹlòmíràn wọ ilé ọkọ mi," a ní. "Ẹ sì pe ọkọ ní ọ̀mọlé!"

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, Nora ń po tíì àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wilf rò pé ife lásán ni. Kó tó yíjú, Nora ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ara ààrò, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Gbogbo apá òsì rẹ̀ ti rọ.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nílé ìwòsàn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní ìlú ọlọ́jà tó wà lódì kejì òkè. Àwọn dókítà ní kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ láé. Àtẹ̀gùn ilé Harker sì rèé, inú ògiri ló ká gba lọ sókè, ó fún débi pé láyé àtijọ́ ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń sọ pósí kalẹ̀. Òkè ni ibùsùn wà, òkè ni ilé ìwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà. Àwọn nọ́ọ̀sì wá wo ilé náà, wọ́n wọn ibí, wọ́n wọn ọ̀hún, wọ́n ní àfi tí yàrá kan bá wà nísàlẹ̀ tó ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, tí àga onítáyà lè yí po nínú rẹ̀, kí Nora tó lè padà wálé.

Wilf sọ fún Nora lọ́jọ́ Kérésì pé òun á kọ́ ọ. "Kérésì ọdún tó ń bọ̀, inú ilé rẹ lo ti máa jẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ti ń falẹ̀ lẹ́nu Nora, ṣùgbọ́n àwàdà rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. "Ṣé wàá gbẹ́ lẹ́tà mi sára rẹ̀?"

"Èmi àti ìwọ. 2016 á wà nísàlẹ̀."

"Kí tèmi tóbi ju tìrẹ lọ."

A kì í sọ ọmọ lórúkọ kí a tó bí i, àgbà sì ni Wilf, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kí ìwé tó fi bẹ̀bẹ̀ àṣẹ tó kúrò nílé, ó ti wọ́ òkúta gígùn kan jáde nínú abà rẹ̀ tó ti wó lórí òkè, ó ti jókòó tì í pẹ̀lú òòlù àti irin ìgbẹ́kùúta. H wà lókè, W àti N wà lábẹ́ rẹ̀, 2016 wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó gbẹ́ N tóbi ju W lọ díẹ̀.

Ìwé aláwọ̀ ìyeyè tí ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé fi máa ń kéde pé ẹnìkan fẹ́ fi kún ilé rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ òpó iná iwájú ilé rẹ̀ lóṣù Kejì. Ẹni àkọ́kọ́ tó dúró kà á ni Dinah Peacock, obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń dá oko àgùntàn ṣe ní ìsàlẹ̀ abúlé. Wilf ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó wá kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàárọ̀, Wilf. Mo rí i pé ẹ fẹ́ kọ́ yàrá."

"Ti Nora ni."

"Mo mọ̀ pé ti Nora ni. Èmi náà, ti ìyá mi ni mo fẹ́ kọ́ nígbà yẹn."

Ọdún méjìlá sẹ́yìn, Dinah bẹ̀bẹ̀ láti kọ́ yàrá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ fún Annie, ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Wilf ló dìde takò ó nípàdé, òun ló sì kọ lẹ́tà. Wọn kò fọwọ́ sí i. Annie lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, èyí tí Nora wà yìí gan-an, oṣù mẹ́rin péré ló sì lò níbẹ̀ kó tó kú.

"Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ nípàdé?" Dinah bi í. "Ẹ ní tí mo bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ọ, tí mo wá fi òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lójú, bí ẹni ń fi àtíkè kun ojú òkú ni."

"Mo rántí."

"Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ nígbà yẹn." Ó súfèé sí ajá rẹ̀. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, Wilf. Ẹ bá mi kí Nora."

Láti ọjọ́ náà ni àyà Wilf ti ń já, nítorí aládùúgbò tó bá fẹ́ takò ó lè kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Ẹni tó sì yẹ kó kọ ọ́, ó mọ̀ ọ́n.

Oṣù Kẹta ni ẹni tí ọ́fíìsì rán wá yọjú, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Imogen Farrer, bàtà òjò rẹ̀ ṣì ń dán. Ó yí ilé po, ó ya fọ́tò, ó jókòó nídìí ààrò, ó ṣí fáìlì.

"Ọ̀gbẹ́ni Harker, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn. Ẹnìkan ti ṣàlàyé dáadáa nínú fáìlì yìí ìdí tí kò fi yẹ ká fi nǹkan kún ilé abúlé yìí. Ó ní, 'Ilé Skelbeck dà bí eyín inú ẹnu arẹwà. Bí a bá fi ẹyọ kan kún un, ẹnu náà ti di ẹnu ẹlòmíràn.'"

"Ta ni ọ̀dẹ̀ tó kọ ìyẹn?"

Ọmọbìnrin náà wo ìwé, ó tún wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni, sà."

Wilf yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wá lórí tiyín," Imogen ní. "Láti ọ̀dọ̀ Dinah Peacock."

"Mo mọ̀. Kà á, ká parí ẹ̀."

Ó kà á. "'Nora Harker ló fi ọdún mẹ́tàlélógún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kó wálé. Mo mọ ohun tó ń ṣe ẹni tí wọn kò jẹ́ kó wálé.' Ó tán."

Wilf dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo omi tíì. Ó pẹ́ ní ilé ìdáná ju bí omi ṣe ń pẹ́ kó tó hó lọ.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ àdán jẹyọ. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òrùlé tí àdán bá ń sùn sí, wọn kì í sì í lè kà wọ́n lásìkò òtútù, nítorí oorun ni wọ́n máa ń sùn. Àfi kí wọ́n dúró di oṣù Karùn-ún. Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Àwọn wọ̀nyí dorí kodò, wọ́n ń wo Wilf. Nígbà tí ẹni tó wá kà wọ́n jókòó sínú ọgbà pẹ̀lú aṣọ òtútù ní ìrọ̀lẹ́, mẹ́ta péré ló jáde lábẹ́ òrùlé. Wilf kà wọ́n mọ́ ọn. "Mẹ́ta," ó ní, "kò sì sí èyí tó bá wa gbá ilé rí." Nígbà tí ìwé àṣẹ fi dé, oṣù Keje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ìwé náà ní òkúta àdúgbò àti ẹfun sísun tí a pò mọ́ yanrìn ni kí wọ́n fi mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó gbà á láyè kó fi búlọ́ọ̀kù mọ inú ògiri, kí òkúta wà ní ojú ìta nìkan. Dinah ka ìwé náà lórí tábìlì Wilf ní ọjọ́ tó gbé katakata rẹ̀ wá láti bá a kó òkúta abà sọ̀kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Ó dáa," Dinah ní. "Ẹ fi búlọ́ọ̀kù sínú. Ẹ ó ti kan òrùlé kí oṣù Kẹwàá tó parí."

"Rárá."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ rárá?"

"Lẹ́yìn ohun tí mo sọ sí ọ nípàdé? Kí n wá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tèmi?"

"Ẹ má fi èmi ṣe àwáwí. Èmi ti gbé ìyẹn jù sódò."

"Kì í ṣe tìrẹ nìkan. Òkúta kì í parọ́, Dinah."

"Òkúta kì í ṣàìsàn náà! Nora ló ń ṣàìsàn!" Ó ju ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. "Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni yín, èjìká yín kan kò dáa. Ògiri olójú méjì, ẹsẹ̀ méjì ní fífẹ̀? Ta ló máa bá yín parí ẹ̀ kí òtútù tó dé?"

"Èmi ni."

"Orí kunkun." Ṣùgbọ́n ó mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ po ẹfun.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni Wilf ń mọ ògiri, Dinah á po ẹfun fún un kó tó lọ wo àgùntàn rẹ̀. Gbogbo òkúta ló ń yí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, kó tó fi í lélẹ̀. Ó fi ìbú àga onítáyà Nora wọn ẹnu ọ̀nà, ó fi ìka mẹ́rin kún un kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa máa họ. Ojú fèrèsé, ó mú un sọ̀kalẹ̀ kí ẹni tó bá jókòó lè rí odò. Kò sí iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ayé rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò sì yá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, á wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ Nora.

"Ògiri ńkọ́?" Nora bi í lóṣù Kẹsàn-án.

"Ó ti dé orúnkún."

"Orúnkún ta ni?"

"Tèmi."

"Kò tíì kúrò nílẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wilf sọ ohun tí Dinah wí nípa búlọ́ọ̀kù fún un, ó sọ ọ́ bí àwàdà. Nora kò rẹ́rìn-ín síyẹn. Ó na ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fi di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Wilf. Bí o bá fi páálí kọ́ ọ, màá wá."

Wilf bú sẹ́rìn-ín. "Páálí! Kí òjò àkọ́kọ́ gbé ọ lọ." Nora náà fi ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà náà ló tó rántí pé ojú rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀rín náà.

Ọdún yẹn, òtútù yára dé. Ẹfun tí ìrì dídì bá mú kó tó gbẹ, ìyẹ̀fun ló ń dà, ògiri tó bá wà lórí rẹ̀ á sì wó lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọ̀mọlé kan ní àfonífojì náà tó ń fi ẹfun mọlé láti ìparí oṣù Kẹwàá títí di ìgbà ìrúwé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá, Wilf jí, ó rí i pé koríko ti funfun. Ògiri ti dé èjìká. Ó fọwọ́ kan ìlà tó mọ lánàá, ó sì jábọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wó ìlà náà, ó fi àpò tó nípọn bo gbogbo ògiri, ó to òkúta lé àpò lórí kí afẹ́fẹ́ má ṣí i. Dinah dúró sí ẹnu ọ̀nà ọgbà. Kò sọ pé "mo sọ fún yín." Ohun tó ṣe nìyẹn tó dun Wilf jù.

Lọ́jọ́ Kérésì ó gbé àkàrà òyìnbó eléso àti wàràkàṣì lọ sí ilé ìtọ́jú. Ó jókòó, ó ń gé e wẹ́wẹ́ fún Nora.

"Mo ti yẹ àdéhùn," ó ní.

"Ibo ni mo ń lọ?" Nora dá a lóhùn. "Jẹ́ kí n jẹ àkàrà mi."

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kìíní ni wọ́n tẹ Wilf láago pé àyà ń dun Nora, kó tètè máa bọ̀. Òjò dídì ti dí ọ̀nà orí òkè, bọ́ọ̀sì kò sí. Dinah fi katakata gbé e, Wilf jókòó síbi tí ajá máa ń jókòó sí títí wọ́n fi dé. Nọ́ọ̀sì tó ṣí ilẹ̀kùn wo aago ara ògiri kó tó wo ojú wọn. Nora ti lọ láti ogójì ìṣẹ́jú sẹ́yìn.

Wọ́n sin ín sí Skelbeck. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n gbé e gbà, níbi tí ògiri náà wà lábẹ́ àpò, àwọn tó gbé pósí sì yà díẹ̀ kí wọ́n má bàa kọlù ú.

Àwọn kan rò pé kò ní parí yàrá náà mọ́. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí àgùntàn ti ń bímọ, ó ṣí àpò kúrò. Ẹfun inú rẹ̀ ti dì, ó le bí eegun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n láti ibi tó dé. Dinah ń bọ̀ láàárín ìbí àgùntàn kan sí èkejì, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì pupa, á po ẹfun, á tún lọ.

Ní ọjọ́ kan wọ́n jókòó sórí òkúta, wọ́n ń mu tíì. Wilf ń wo ìsàlẹ̀ abúlé, níbi ilé Dinah.

"Yàrá Annie," ó ní, "ibo gan-an lo fẹ́ kọ́ ọ sí?"

Dinah nawọ́. "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn. Níbi tí igi ápù wà."

Wilf wò ó títí. "Kì bá tí ba nǹkan kan jẹ́," ó ní.

"Rárá," Dinah ní. "Kì bá tí ba nǹkan kan jẹ́." Ó da ìyókù tíì rẹ̀ sí koríko, ó dìde.

Nígbà tí ògiri pé, ó ku àtẹ́rígbà. Wọ́n gbé òkúta gígùn náà jáde láti ibi tí Wilf tọ́jú rẹ̀ sí. Dinah nu eruku rẹ̀, ó ka lẹ́tà ara rẹ̀, ó ka òǹkà ìsàlẹ̀.

"2016 ló wà níbí, Wilf."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún tó kọjá nìyẹn. Ẹ kàn lè sọ mẹ́fà yẹn di méje. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni."

"Mo mọ̀."

Dinah wò ó. Ọgọ́ta ọdún ló ti gbé lábúlé kan náà pẹ̀lú ọkùnrin yìí. Ìṣojú rẹ̀ ni Wilf ti wó odindi ẹnu ọ̀nà kan lulẹ̀ rí, torí pé onílé gbẹ́ ọdún tí kì í ṣe tòótọ́ sórí rẹ̀.

"Irọ́ ni, ẹ mọ̀," ó rọra sọ. "Ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ ní igba ọdún sí i á kà á, á rò pé..." Kò parí rẹ̀.

"Á rò pé Nora wọlé," Wilf ní.

Dinah gun katakata. Ó fi apá irin iwájú rẹ̀ gbé òkúta náà sókè díẹ̀díẹ̀, Wilf dúró lórí pákó, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì darí rẹ̀, ó ń ní "sí mi, sí mi díẹ̀, ó tó," títí ó fi jókòó sórí ẹfun. Ó wọn ọ́n. Ó gún. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gba abẹ́ rẹ̀ wọ inú yàrá, ó sì dúró sí ojú fèrèsé tó mú sọ̀kalẹ̀ fún Nora. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè rí odò.